Bí Kristẹni Ṣe Lè Pa Ọjọ́ Ìsinmi Mọ́ Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àti Ìdí Tí Ó Fi Yẹ Bẹ́ẹ̀

Nínú Òfin Mẹ́wàá, èyí tí ó ní kí á rántí ọjọ́ ìsinmi wà lára àwọn tí ó gùn jù, nítorí pé Ọlọ́run kò kàn pa á láṣẹ lásán: Ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀, Ó sì ka gbogbo ẹni tí ó kàn. Síbẹ̀, òun gan-an ni ọ̀pọ̀ Kristẹni tí kò jẹ́ jalè, tí kò sì jẹ́ búra èké, ń rú láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ láìsí ìdálẹ́bi ọkàn. Wọ́n á lọ sí ilé ìsìn ní òwúrọ̀, wọ́n á ṣí ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán, wọ́n á sì fi alẹ́ dá àwọn oníbàárà lóhùn lórí fóònù. Ìlànà tí mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí wà fún ẹni tí ó fẹ́ jáwọ́ nínú irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀, tí ó sì fẹ́ mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ nínú ilé rẹ̀ àti lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí mo dì mú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni pé ọjọ́ ìsinmi kì í ṣe ti olórí ilé tàbí ọ̀gá ibi iṣẹ́ nìkan. Bí ẹni tí ó wà lábẹ́ yín kò bá sinmi, ẹ̀yin náà kò tíì pa á mọ́.

Ìdí tí Ọlọ́run fi pa á láṣẹ

Ìdí méjì ni Bíbélì fún wa, ó sì dára kí á mọ méjèèjì kí á tó máa ṣètò ohunkóhun. Ti Ẹ́kísódù 20 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀: Ọlọ́run fi ọjọ́ mẹ́fà dá ọ̀run àti ayé, Ó sinmi ní ọjọ́ keje, Ó bù kún ọjọ́ náà, Ó sì yà á sí mímọ́. Èkejì wà nínú Deutarónómì 5, níbi tí Mósè ti tún òfin náà kà fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, tí ó sì ní kí wọ́n máa sinmi nítorí pé wọ́n ti ṣe ẹrú rí ní ilẹ̀ Íjíbítì, Olúwa sì fi ọwọ́ agbára mú wọn jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìdí kejì yìí ti wúwo tó, kí ó padà lọ ka Ẹ́kísódù 5. Nígbà tí Mósè àti Áárónì ní kí Fáráò jẹ́ kí àwọn ènìyàn náà lọ ṣe àjọ̀dún fún Ọlọ́run wọn, ọ̀lẹ ni ó pè wọ́n. Ó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún wọn ní koríko tí wọ́n fi ń ṣe bíríkì mọ́, kí wọ́n máa wá a fúnra wọn, kí iye bíríkì òòjọ́ wọn má sì dín. Ẹrú kò ní ọjọ́ tirẹ̀. Ẹni tí a ti dá nídè ni ó lè fi irinṣẹ́ sílẹ̀ láìbẹ̀rù pé ẹnìkan yóò na òun lẹ́gba.

Àwọn kan a máa sọ pé òfin orí òkè Sínáì ni ìsinmi jẹ́, pé àwa tí a wà lábẹ́ oore-ọ̀fẹ́ kò ní ohun kan án ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Gẹ́nẹ́sísì 2 ti sọ̀rọ̀ ìsinmi kí Júù kankan tó wà láyé, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mánà, oúnjẹ tí Ọlọ́run ń rọ̀ láti ọ̀run fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, inú Ẹ́kísódù 16 ti wáyé kí a tó fún Mósè ní òfin. Nínú aṣálẹ̀ yẹn, ìlọ́po méjì ni wọ́n ń kó ní ọjọ́ kẹfà. Èyí tí wọ́n bá fi pamọ́ di òwúrọ̀ ní àwọn ọjọ́ yòókù a máa yọ ìdin, a sì máa rùn, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi pamọ́ de ọjọ́ keje kò bàjẹ́, àwọn tí wọ́n sì jáde lọ wá a ní ọjọ́ keje kò rí nǹkan kan. Jésù fúnra rẹ̀ a máa lọ sí sínágọ́gù ní ọjọ́ ìsinmi gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀ (Lúùkù 4:16), Ó sì sọ nínú Máàkù 2:27 pé nítorí ènìyàn ni a ṣe dá ọjọ́ náà. Àwọn obìnrin tí wọ́n pèsè òróró olóòórùn dídùn fún òkú rẹ̀ pàápàá dá iṣẹ́ náà dúró, wọ́n sinmi, kí wọ́n tó padà lọ sí ibojì.

Kò sì ṣe àjèjì sí wa. Kí ìhìn rere tó dé ilẹ̀ yìí, àwọn baba wa tí wọ́n jẹ́ olórìṣà ní ọjọ́ tí wọn kì í lọ sí oko, ẹnikẹ́ni kò sì pè wọ́n ní ọ̀lẹ nítorí rẹ̀.

Ní ti àríyànjiyàn lórí Àbámẹ́ta àti Àìkú, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ìjọ Adventist Ọjọ́ Keje, tí David Babcock mú wá sí Erúnmu nítòsí Ìbàdàn ní 1914, tí wọ́n sì ní Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ lónìí, ń pa Àbámẹ́ta mọ́, láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Púpọ̀ nínú àwọn ìjọ yòókù ń pa ọjọ́ Àìkú mọ́, nítorí pé ọjọ́ náà ni Jésù jíǹde, ọjọ́ náà sì ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn péjọ láti bu àkàrà nínú Ìṣe Àwọn Àpósítélì 20:7. Ní 321 ni Constantine, ọba Róòmù, fi òfin dè é pé kí àwọn adájọ́, àwọn ará ìlú àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ sinmi ní ọjọ́ Àìkú. Àwọn àgbẹ̀ nìkan ni ó yọ̀ǹda fún láti ṣiṣẹ́. Róòmù 14 ní kí ohun tí olúkúlùkù ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ dá a lójú nínú ọkàn ara rẹ̀. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí ènìyàn máa sá pamọ́ sẹ́yìn àríyànjiyàn náà, kí ó ní Àbámẹ́ta kọ́, Àìkú náà kọ́, kí ó sì máa fi ọjọ́ méjèèjì tajà.

Ẹ fi ààlà sí ọjọ́ náà

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ óò ṣe ni pé kí ẹ mú wákàtí tí ọjọ́ náà yóò bẹ̀rẹ̀ àti wákàtí tí yóò parí, kí gbogbo ilé sì mọ̀ ọ́n. Láti ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́ ni àwọn Júù ń kà á, mo sì gbà pé ó dára bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ń sinmi ní ọjọ́ Àìkú pẹ̀lú, nítorí pé àdúrà alẹ́ àti oorun ni ọjọ́ náà yóò fi bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìkánjú àti ariwo mímúra lọ sí ìsìn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, èyí kò le, nítorí pé kò sí ìgbà kan nínú ọdún tí ìwọ̀ oòrùn jìnnà sí agogo mẹ́fà ààbọ̀ tàbí méje. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Lọ́ńdọ́nù, níbi tí oòrùn ti ń wọ̀ kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù nínú oṣù Kejìlá, tí ó sì ń kọjá agogo mẹ́sàn-án alẹ́ nínú oṣù Kẹfà, lè mú agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kí ẹ sì dúró lé e, àyàfi bí ìjọ yín bá ní ìlànà mìíràn.

Ẹ má ṣe fi èèwọ̀ rẹpẹtẹ bẹ̀rẹ̀. Fún oṣù kan sí méjì àkọ́kọ́, ó tó kí ẹ má ṣe rà, kí ẹ má ṣe tà, kí ẹ má sì dá ìpè tàbí àtẹ̀jíṣẹ́ iṣẹ́ lóhùn. Nígbà tí èyí bá ti mọ́ ilé lára, ẹ̀yin fúnra yín yóò rí ohun tí ó tún kù láti mú kúrò.

Ọjọ́ tí ó ṣáájú ni iṣẹ́ wà

Bí ọjọ́ ìsinmi bá bàjẹ́, àná rẹ̀ ni ó ti bàjẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn Ìhìn Rere fi pe ọjọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀ ní ọjọ́ ìpalẹ̀mọ́. Ẹ jẹ́ kí á mú ilé kan tí yóò bẹ̀rẹ̀ ìsinmi ní ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta. Ìyá ilé gbọ́dọ̀ ti dé láti ọjà ní ọjọ́ Ẹtì, tàbí kí bàbá ilé lọ, nítorí ọjà Àbámẹ́ta kì í jẹ́ kí ènìyàn tètè padà sílé. Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, kí wọ́n ti lọ ata, kí wọ́n sì ti bọ ẹran. Kí ọbẹ̀ ti wà lórí iná kí agogo mẹ́rin tó lù. Ọbẹ̀ ata tí a dín dáadáa, tí omi inú rẹ̀ ti gbẹ, tí òróró sì ti léfòó sójú rẹ̀, kò ní kan di ọ̀sán ọjọ́ kejì bí kò tilẹ̀ sí iná mànàmáná fún fìríìjì, bí ẹ bá ti gbé e kaná kí ẹ tó sùn, tí ẹ sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní òwúrọ̀. Mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ tí a ti sè sílẹ̀ kò béèrè ju kí á tú ewé wọn lọ. Ìrẹsì kì í pẹ́ lórí iná. Ṣùgbọ́n iyán kì í ṣe oúnjẹ ọjọ́ ìsinmi, mo sọ èyí tọkàntọkàn, nítorí pé ẹnìkan ni yóò gún un, gbogbo wa sì mọ ẹni tí a máa ń pè sídìí odó.

Lẹ́yìn oúnjẹ ni aṣọ. Kí gbogbo aṣọ ìsìn ti rí áyọ́ọ̀nù kí ilẹ̀ tó ṣú, títí kan gèlè àti aṣọ àwọn ọmọdé, kí bàtà wà ní ẹsẹ̀ méjì-méjì lẹ́nu ọ̀nà. Kí omi kún dúrọ́ọ̀mù. Kí àwọn ọmọ parí iṣẹ́ àṣetiléwá wọn ní ọjọ́ Ẹtì, kí wọ́n má bàa máa sunkún lé e lórí ní alẹ́ Àìkú. Bí ẹ óò bá tan jẹnẹrétọ̀, ẹ ti ra epo rẹ̀ sílẹ̀. Kí owó ọrẹ wà nínú àpò ìwé, nítorí ẹni tí ó bá lọ wá oní-POS ní òwúrọ̀ Àìkú ti mú kí ẹlòmíràn ṣiṣẹ́ kí òun lè jọ́sìn.

Àwọn tí ó wà lábẹ́ yín

Ẹ́kísódù 20:10 ka ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, ìránṣẹ́kùnrin àti ìránṣẹ́bìnrin, ẹran ọ̀sìn, àti àlejò tí ó wà nínú ibodè. Ẹ jókòó kí ẹ sì ka ti ilé tiyín bẹ́ẹ̀, lórúkọ-lórúkọ: ọmọ ọ̀dọ̀, awakọ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, mẹ́gáàdì, ọmọ ẹbí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín láti abúlé. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó jí ní agogo mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Àìkú láti wẹ àwọn ọmọ, kí ó lọ aṣọ, kí ó sì dín dòdò, tí a tún wá fi sílẹ̀ láti ṣọ́ ilé nígbà tí ìdílé gba ilé ìsìn lọ, kò ní ìsinmi kankan nínú ilé àwọn onígbàgbọ́. Ohun tí a ó ṣe fún un kò ṣòro. Kí ó sùn tó bí àwọn ọmọ ilé yòókù ṣe sùn. Kí ẹni tí ó bá jẹun fọ àwo ara rẹ̀. Bí ó bá ní ìjọ tirẹ̀, tàbí tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, kí ọjọ́ náà jẹ́ tirẹ̀ láti lo bí ó ṣe fẹ́, kí ẹ má sì yọ owó ọjọ́ náà kúrò nínú owó oṣù rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni ṣọ́ọ̀bù àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní alẹ́ Àbámẹ́ta, nígbà tí àwọn oníbàárà ń dúró de aṣọ ìdúpẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọ̀gá ti lọ sílé. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni wọ́n jókòó sábẹ́ iná, tí ọ̀kan ń gán ẹsẹ̀ búbà, tí ẹlòmíràn ń gán bọ́tìnnì, tí ẹ̀kẹta sì ti sùn sórí ẹ̀rọ. Ní agogo méje òwúrọ̀, ọ̀gá yóò pè wọ́n pé kí ẹnìkan gbé aṣọ náà lọ sílé oníbàárà kí ó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀gá tí ó bá fẹ́ yí èyí padà kò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìgbà tí ó bá ń wọn oníbàárà ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀. Kí ó béèrè ọjọ́ òde náà. Bí ó bá jẹ́ ti ìparí ọ̀sẹ̀, kí ó má ṣe gba aṣọ kankan mọ́ lẹ́yìn Ọjọ́rú, kí ó sì sọ ọ́ lójú oníbàárà pé agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta ni òpin àkókò tí ó lè wá kó aṣọ rẹ̀. Kí ó kọ ọ́ sí ara ilẹ̀kùn. Ẹnìkan yóò bínú, ẹnìkan yóò sì dé ní agogo méje pé kí wọ́n jọ̀wọ́, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Nehemáyà kojú irú èyí nígbà tí ó ti ibodè Jerúsálẹ́mù pa kí ọjọ́ ìsinmi tó wọlé: lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì ni àwọn oníṣòwò sùn sẹ́yìn odi, ó kìlọ̀ fún wọn, wọn kò sì wá mọ́ ní ọjọ́ ìsinmi.

Owó kan yóò lọ, ó yẹ kí á sọ bẹ́ẹ̀. N kò lè ṣèlérí fún ẹni tí ń ta oúnjẹ tàbí ọlọ́kadà pé èrè ọjọ́ tí ó dá dúró yóò padà wá ní ìlọ́po méjì. Ohun tí mo lè sọ ni pé ìlànà mánà ṣì wúlò fún ẹni tí ó ń jẹun lórí owó òòjọ́: kí ó máa yọ díẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ alájọ láti ọjọ́ Ajé, kí owó oúnjẹ ọjọ́ keje ti pé kí ọjọ́ náà tó dé. Ámósì 8:5 sọ nípa àwọn oníṣòwò tí ara wọn kò gbà á kí ọjọ́ ìsinmi parí, kí wọ́n lè padà sídìí òṣùwọ̀n tí wọ́n ti sọ di kékeré. Ẹni tí kò lè fi kóńgò sílẹ̀ fún ọjọ́ kan ni ó rọrùn jù fún láti máa gé e kù.

Kí gbogbo ilé sì sinmi ní ọjọ́ kan náà bí ó bá ti ṣeé ṣe. Ní 1929, ìjọba Soviet pa ọjọ́ Àìkú rẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ má bàa dúró. Wọ́n pín àwọn òṣìṣẹ́ sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́ tí ọjọ́ ìsinmi wọn kò papọ̀, ọkọ a máa wà nílé nígbà tí aya wà níbi iṣẹ́. Ní 1940, wọ́n padà sí ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ méje tí ó ní ọjọ́ Àìkú.

Ohun tí a fi ọjọ́ náà ṣe

Ìjọsìn ni àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà oorun, oúnjẹ tí a jọ jẹ láìkánjú, Bíbélì kíkà pẹ̀lú àwọn ọmọ, àti bíbẹ àgbàlagbà tàbí aláìsàn wò. Áísáyà 58:13 ní kí á pe ọjọ́ náà ní adùn, nítorí náà ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ ọ́n sí ọjọ́ ìbáwí. Ẹ fi fóònù sínú àpótí, kí ẹ sì ti sọ fún àwọn òbí yín ọ̀nà tí wọ́n fi lè rí yín bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ìwà àánú kì í ba ọjọ́ náà jẹ́: ọjọ́ ìsinmi ni Jésù tú obìnrin tí ó ti tẹ̀ fún ọdún méjìdínlógún sílẹ̀, tí Ó sì bi àwọn tí ń bínú bóyá wọn kì í tú màlúù wọn lọ mu omi ní ọjọ́ kan náà.

Àwọn olórí ìjọ náà ní ipa ńlá níbí. Ìjọ tí ó kó ìpàdé ìgbìmọ̀, ìdánrawò akọrin, ìpàdé ẹgbẹ́ àti ìsìn alẹ́ lé ara wọn ní ọjọ́ Àìkú ti gba ìsinmi lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ní ìtara jù. Ẹ gbé ìpàdé lọ sí àárín ọ̀sẹ̀, kí àwọn akọrin àti àwọn tí ń tọ́jú èrò máa pín iṣẹ́ ṣe ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Jésù gbà nínú Mátíù 12:5 pé àwọn àlùfáà ń ṣiṣẹ́ nínú tẹ́ḿpìlì ní ọjọ́ ìsinmi, wọ́n sì wà láìlẹ́bi. Nítorí náà, kí olùṣọ́-àgùntàn mú ọjọ́ Ajé tàbí òmíràn fún ìsinmi tirẹ̀, kí ìjọ sì má ṣe pè é ní ọjọ́ náà.

Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣeé dá dúró

Nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá àti àwọn tí ń tọ́jú arúgbó ní òkè òkun wà lára àwọn tí kò lè ti ilẹ̀kùn ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Kí irú wọn yan ọjọ́ mìíràn tí kì í yí padà, kí wọ́n sì sọ ọ́ kí ọ̀gá tó ṣètò rósítà, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Eric Liddell, Kristẹni ará Scotland tí ó jẹ́ eléré sísá, kò dúró di ọjọ́ ìdíje kí ó tó sọ pé òun kò ní sá eré mítà 100 níbi Òlíńpíìkì tí wọ́n ṣe ní Paris ní 1924. Ó ti mọ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú pé ọjọ́ Àìkú ni ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀ bọ́ sí, ó sì ti ń múra fún mítà 400, èyí tí ó gba wúrà nínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin fún òṣìṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀wé pé òun kò ní ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Àìkú mọ́, bí kì í bá ṣe ọjọ́ Àìkú nìkan ni wọ́n gbà á fún. Ẹ̀tọ́ yìí kò kan àwọn olùtọ́jú arúgbó, àdéhùn pẹ̀lú ọ̀gá ni tiwọn.

Bí pàjáwìrì bá sì ba ọjọ́ náà jẹ́, bíi ti màlúù tí ó já sínú kànga nínú Lúùkù 14, ẹ ṣe ohun tí ó yẹ láìsí ìbẹ̀rù. Kí ẹ wá wákàtí tí ẹ pàdánù padà kí ọjọ́ ìsinmi tí ń bọ̀ tó dé, kí ẹ sì fún ẹni tí ó bá yín ṣiṣẹ́ ọjọ́ náà ní tirẹ̀ ṣáájú tiyín.